Ọjọ́ Tí A Jáde Lọ Wádìí Òkìkí Ẹ̀kọ-Tútù

Òórùn káńfọ̀ ni ó jí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú náà. Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, ti ṣí àpótí rẹ̀, ó sì ti yọ ìró àrán pupa tí kì í yọ àfi fún ọ̀rọ̀ ìsìnkú tàbí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tí ó kú nínú ilé wa ní Ìbá ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo dìde jókòó lórí ẹní, mo nu ojú mi, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Àǹtí Mojí ti dé gbangba.

Àǹtí Mojí ni àbúrò bàbá mi, òun sì ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ọ̀nà Ọ̀jọ́, ọ̀dọ̀ wa ni ó sì ń gbé. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà náà, àwọn ìyá ìjọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, sókè ketekete, ohun tí ó máa ń mú kí ó tètè kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lójijì ni Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ yọjú. Ọkùnrin yìí ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, òṣèré ni yóò sọ fún ọ. Ó ti kópa nínú eré àgbéléwò bíi mélòó kan. Ipa tí ó máa ń kó jù ni ti àna tálákà kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀kọ-Tútù, ẹni tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé oúnjẹ ọba síwájú rẹ̀, ẹ̀kọ tútù ni yóò ní kí wọ́n bá òun wá.

Èmi fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kò wọ àgbàlá wa rí kí ó má kọ́kọ́ dúró lẹ́nu géètì, kí ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnìkan yóò dá òun mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ewúrẹ́ onílé wa nìkan ni ó máa ń gbójú sókè.

Ìgbà tí ó wá sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ fẹ́ Àǹtí Mojí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà ní Èkìtì, Ìyá Àgbà sì wọkọ̀ wá. Kò bá ìwà ọkùnrin náà jà, kò sì bá pátákó tí ó ń kọ jà. Òkìkí rẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà obìnrin ti fẹ́ gbajúmọ̀ olórin kan rí, ó sì fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ fọ abọ́ fún àwọn obìnrin tí ó ń wá kí ọkọ rẹ̀ kú iṣẹ́. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà fẹ́ kí ìwádìí ìdílé fi yé òun: ṣé òṣèré yìí gbajúmọ̀ ní tòótọ́, àbí ẹnu lásán ni? Bí ó bá gbajúmọ̀, kò ní fẹ́ ọmọ òun. Bí kò bá gbajúmọ̀, kí ó máa bọ̀ wá gbé ìyàwó.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé a máa ń wádìí àrùn, a máa ń wádìí gbèsè, a sì máa ń wádìí bóyá wọ́n ń ya wèrè ní ìdílé. Kò sí ẹni tí ó ti wádìí òkìkí rí nínú ilé wa. Bàbá mi, akọ̀wé ní yunifásítì tí ó wà nítòsí wa, ẹni tí kì í ra àtùpà láì kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní a kò lè pe ohun tí a kò wọ̀n ní ńlá tàbí kékeré. Ó tún ní ẹni tí a ń wádìí kò gbọdọ̀ mọ èsì tí a ń fẹ́, kí ó má baà dọ́gbọ́n sí i. Ó kìlọ̀ fún Àǹtí Mojí pé kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí ìwádìí yóò fi parí. Mo rántí pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àǹtí jó ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì.

Alájì tí ó ni ilé tí a ń gbé ni ọlọ́gbọ́n àkọ́kọ́ tí bàbá mi fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, nítorí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni ó ń tà ní Alaba. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ó ní òṣèré tí àwòrán rẹ̀ kò bá sí níwájú páálí kásẹ́ẹ̀tì, kí a má wulẹ̀ pè é ní gbajúmọ̀. Ó gbé páálí méje wálé. A tẹ́ wọn sórí tábìlì, a tan iná sí wọn, a wá Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ títí. Níkẹyìn Alájì fi ìka kan ẹ̀yìn òṣèré kan tí ó sanra.

"Etí rẹ̀ nìyí," ni ó wí.

Bàbá mi gbé páálí náà súnmọ́ ojú, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Etí kò tó, Alájì," ni ó fi dáhùn. "Etí lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni."

Ìyá mi, tí ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní kò sí ohun tí ó le nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òṣèré tí ó bá gbajúmọ̀ kì í ní orúkọ mọ́. Orúkọ tí wọ́n fún un nínú eré ni yóò gbé èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mì. Ṣé bí gbogbo wa ṣe ń pe ọkùnrin yìí ní Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ kò ti sọ nǹkan fún wa? Alájì ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí òun fúnra òun gbàgbé orúkọ àwọn ayálégbé òun, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó gbajúmọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá Àgbà fi ní kí wọ́n dákẹ́. Èdè Èkìtì ni ó fi sọ ọ́, ó sì dùn ju bí mo ṣe lè tún un sọ níhìn-ín lọ. Ó ní a kì í jókòó sínú yàrá mọ bí oòrùn ṣe mú tó. Kí wọ́n mú ọkùnrin náà jáde, kí ó rìn láti Ìbá dé Ìyànà-Ìbá, kí ó sì wọkọ̀ dé Okokomaiko, kí òun fi ojú ara òun rí bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n tó.

Báyìí ni ó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí mo ń wí.

Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ni mí, ìwé mi mọ́, mo sì fẹ́ràn láti máa fi rúlà fa ìlà ju bí mo ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Bàbá mi máa ń sọ pé, "Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó gbọ́ ọ," mo sì gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí òfin. Mo pín ojú ìwé sí mẹ́ta: ibi tí a wà, ohun tí ẹni náà sọ, àti bí ẹni náà ṣe rí. Ìṣòro kan ṣoṣo ni mo ní. Ìyá mi ti kọ́ mi pé ọmọ tí a bí ire kì í tẹjú mọ́ àgbàlagbà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fi ẹ̀kọ́ náà sí mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá dúró níwájú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹsẹ̀ náà ni mo sì kọ.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ dé nínú aṣọ funfun gbòò, ó sì fi gíláàsì dúdú bojú. Ó ṣàlàyé fún bàbá mi pé òun wọ gíláàsì náà kí àwọn ènìyàn má baà dá òun mọ̀, kí ìrìn wa lè yá. Bàbá mi rọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ pé kí ó bọ́ ọ. Ó bọ́ ọ kíákíá, bí ẹni tí ó ti ń retí pé kí wọ́n bẹ òun. Alájì ti ta á lólobó pé ìdílé fẹ́ mọ bí ó ṣe gbajúmọ̀ tó, ọkùnrin náà sì rò pé gbajúmọ̀ ni wọ́n ń wá. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?

A kò tíì dé iwájú géètì yunifásítì ní Ìyànà-Ìbá tí ọkùnrin kan fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí àárín àwọn tí ó ń ta ọsàn. "Ẹ̀kọ-Tútù! Bàbá wa!" Mo kọ ọ́: sáńdà aláwọ̀ ilẹ̀, ìṣó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi sáré wá dì mọ́ ọn, ó ní òun kò sùn lóru ọjọ́ tí òun wo eré rẹ̀: sílípáàsì búlúù, okùn funfun. Òmíràn tún kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ó ń tẹ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ ń gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ bí bíṣọ́ọ̀bù. Bí ó ti ń rẹ́rìn-ín sí i ni ojú Ìyá Àgbà ń le sí i.

Inú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ lọ sí Okokomaiko ni ariwo náà ti rọlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni kò wo ẹ̀yìn. Obìnrin kan tí ó gbé adìyẹ lọ́wọ́ ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún." Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀: wọ́n ní kí ó sún. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí ọ̀kadà mẹ́rin tí wọ́n sáré kọjá lára wa, ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé sì ń fi ọwọ́ kan di fìlà tàbí gèlè mú. N kò kà á sí nǹkan kan.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Okokomaiko ni ariwo tún ta. Alágbàdá kan fò jáde láàárín àwọn tí ó ń ta táyà, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyálọ́jà kan tí ó fi ìborùn bo orí ń pe oríkì rẹ̀. Obìnrin kan tí ó wé gèlè ńlá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní, "Ọkọ mi, ìgbà wo lẹ máa wá jẹun nílé mi?" Ìyá Àgbà dúró ṣinṣin. Ó di ìró àrán rẹ̀ le, ó sì sọ fún bàbá mi pé òun ti rí ohun tí òun wá wò, kí wọ́n mú òun padà sílé.

Pálọ̀ wa kún nígbà tí a dé. Alájì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi jókòó sórí àpótí, Àǹtí Mojí sì wà ní ìdáná, ibi tí wọ́n ní kí ó dúró sí. Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ jókòó bí ẹni tí ó ti yege ìdánwò. Ìyá Àgbà wò ó tán, ó ní odò tí gbogbo ìlú ń pọn kì í tòrò. Ó ní òun kò bá a jà, kí Ọlọ́run túbọ̀ gbé e ga, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ ọmọ òun. Mo gbọ́ tí abọ́ kan já bọ́ ní ìdáná. Ẹ̀rín wà lójú ọkùnrin náà síbẹ̀síbẹ̀. Kò tíì mọ bí yóò ṣe gbé e kúrò.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ìpàdé tú láì ka àkọsílẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n kà á. Mo dìde, mo ká ọwọ́ kan sẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ìyànà-Ìbá: sáńdà aláwọ̀ ilẹ̀, ìṣó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún. Ìyànà-Ìbá: sílípáàsì búlúù, okùn funfun. Mo kà á dé Okokomaiko. Alágbàdá: sáńdà aláwọ̀ ilẹ̀, ìṣó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún. Obìnrin onígèlè: sílípáàsì búlúù, okùn funfun. Nígbà tí mo ka ìṣó náà lẹ́ẹ̀kẹrin, bàbá mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó ka ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé orí sókè.

"Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ni ó kí i," ni ó wí. "Bàtà mẹ́rin péré ni gbogbo wọn wọ̀."

Alájì ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi di ẹnu ọ̀nà mú. Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ra irú bàtà kan náà ní Alaba. Bàbá mi bi í bóyá ìṣó kan náà ni wọ́n ń bá a tà. Ní tòótọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèré ni gbogbo wọn. Wọ́n pààrọ̀ fìlà, wọ́n pààrọ̀ gèlè, wọ́n wọ agbádá lé bùbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí pé ọmọ kan wà tí kì í wo òkè.

Ìyá Àgbà bi bàbá mi léèrè ohun tí ìwé náà wí. Ó ṣàlàyé fún un. Ojú ìyá náà tú ká. Ó yíjú sí ọkùnrin náà pẹ̀lú ìfẹ́, ó ní, "Ṣé ìwọ kò wá gbajúmọ̀ rárá? Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀?" Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là á yé e pé ẹni tí ayé kò mọ̀ ni òun ń wá fún ọmọ òun.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá lóye ìbá ti dọ̀bálẹ̀ kí ó sì dúpẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ nà ró. "Ṣùgbọ́n mo gbajúmọ̀, Mà," ni ó wí.

Alájì ní, "Ọ̀gbẹ́ni, dákẹ́ kí wọ́n fún ọ níyàwó."

Kò dákẹ́. Ó ní ìlú kan wà lápá Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti gbé òun sí èjìká. Ó ní olóúnjẹ kan wà ní Badagry tí kì í gba owó òun. Ó ní bí kì í bá ṣe pé ọjọ́ Àìkú ni, tí àwọn olólùfẹ́ òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì bá rí ọ̀nà kọjá. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú Ìyá Àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í le, bàbá mi sì ti tún mú bíírò. Ìgbà náà ni Àǹtí Mojí jáde láti ìdáná, ìyẹ̀fun wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò ké. Ohùn tí ó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ti kọjá àyè wọn ni ó lò.

"Ẹ yan ọ̀kan," ni ó wí. "Ṣé kí gbogbo Okokomaiko mọ̀ yín ni, àbí kí èmi nìkan mọ̀ yín?"

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ wo ilẹ̀, ó wo páálí kásẹ́ẹ̀tì tí Alájì gbàgbé sórí tábìlì, ó wo Àǹtí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ńṣe ni ó dà bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún.

"Mà, n kò gbajúmọ̀ rí."

Ìyá Àgbà ní etí òun kò gbọ́ dáadáa mọ́, kí ó tún un wí. Ó tún un wí. Ìyá Àgbà ní kí ó sọ ọ́ kí Alájì náà gbọ́. Alájì ní òun ti gbọ́. Ìyá Àgbà ní kí ó sọ ọ́ síbẹ̀, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú omi lójú. Lóòótọ́, òṣèré ni, n kò sì lè búra nípa omi náà. Ìyá mi bu oúnjẹ, a sì jẹun. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Títí Ìyá Àgbà fi dágbére fáyé, bí àlejò bá bi í léèrè irú iṣẹ́ tí ọkọ Mojí ń ṣe, á ní pátákó ni ó ń kọ.

Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì báyìí. Mo ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Ìyànà-Ìbá, níbi tí àwa àgbàlagbà ti ń tún ìwé tí a kò kà tán kà. Iwájú ni mo máa ń jókòó, mo sì ń fa ìlà síbẹ̀. Àwa ọmọ kíláàsì ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, bí olùkọ́ bá ti fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá, àwọn èwe inú wa á bẹ̀rẹ̀ sí í fi sítíkà kan ránṣẹ́: ojú ọkùnrin kan tí ó la ẹnu bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, tí wọ́n kọ "Ó ti rẹ̀ mí o" sí nísàlẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní i lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní i, nọ́ọ̀sì tí ó gún mi lábẹ́rẹ́ ní i. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé ọkọ Àǹtí Mojí ni. Olùkọ́ wa bi wá léèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni ọkùnrin yìí gan-an. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ kí wọn ní ilé wọn ní Ìbá. Mo mú fóònù wọ ìdáná, mo fi han Àǹtí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tí ó nu ojú rẹ̀ tán, ó di ọwọ́ mi mú.

"Jọ̀ọ́, má fi hàn án," ni ó wí. "Bí ó bá mọ̀, ta ni yóò bá mi lọ lọ èlùbọ́? Yóò ra gíláàsì dúdú mìíràn ni."

Mo ṣèlérí. Mo jáde sí pálọ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ wà lórí àga, tí ó ń gé èékánná. Ó wo ọ̀nà ìdáná, ó sì fi ọwọ́ pè mí súnmọ́. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé àwọn ọmọ kan ti fi àwòrán náà han òun lórí fóònù ní Okokomaiko láti ìgbà ọdún tí ó kọjá, wọ́n ní òun ni, òun sì sọ fún wọn pé wọ́n ṣi òun mú, pé òun kò ṣeré rí.

"Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú Ìyá Àgbà pé n kò gbajúmọ̀," ni ó wí. "Má jẹ́ kí àǹtí rẹ gbọ́. Ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀."

Mo ní kò burú. Àǹtí gbé oúnjẹ wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹun. Ó bi wá léèrè ohun tí a ń sọ kí òun tó wọlé, ọkọ rẹ̀ sì ní òjò ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà ìbá ti dìde, ìbá ká ọwọ́ sẹ́yìn, ìbá sì ka tọ̀tún tòsì sókè láì fo ìlà kan, kí ó sì jókòó pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀ pé òun ti ṣe iṣẹ́ òun dáadáa. Èmi wo ojú àwọn méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, mo sì sọ pé òjò náà pọ̀ lóòótọ́.